Ó Lójú, Kò Lẹ́nu: Àtúnyẹ̀wò Aláwíyé àti Àlọ́ gẹ́gẹ́ bí Ohun Èlò fún Fífọ Èdè Yorùbá nínú Ilé Ọmọ Elédè-méjì ní Ìdànrè

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí yẹ ohun èlò méjì wò tí àwọn òbí máa ń gbójú lé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí ọmọ wọn tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa máa fọ Yorùbá nínú ilé. Àwọn ohun èlò náà ni Aláwíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ àti àlọ́ àwọn baba wa. Èrò wa ni pé ọmọ tí Yorùbá ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó dé ilé-ìwé ni Ọdúnjọ ní lọ́kàn. Lẹ́tà ni ọmọ náà kò mọ̀. Ọmọ tí ó wà níwájú wa lónìí mọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n èdè náà kò sí lẹ́nu rẹ̀. A lo èrò Swain (1985) àti ti Lanza (1997) láti ṣàlàyé ìdí tí ọmọ fi ń gbọ́ èdè tí kì í sì í sọ ọ́, a sì fi ìlú Ìdànrè ṣe àpẹẹrẹ. Iṣẹ́ náà fi hàn pé àlọ́ àpamọ̀ àti ìbéèrè tí kò ṣeé fi orí mì dáhùn ni ó lè mú ẹnu ọmọ là, àti pé ẹ̀ka-èdè ìyá àgbà kì í ṣe ìdènà fún un.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí kò bá kó ẹ̀ṣọ́ nílé, kò sí ohun tí yóò gbé dé òde. Ohun tí ó bí iṣẹ́ yìí ṣẹlẹ̀ nínú ilé akọ̀wé fúnra rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Ìdànrè, ìyá wa àgbà ní kí ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún méje, sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé-ìwé fún òun. Ọmọ náà gbọ́ ìbéèrè náà yéké, nítorí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ó dáhùn. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi dáhùn. Ìyá wa yíjú sí wa, ó ní, “Kí ni ó wí?” Báyìí ni ẹni tí ó ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní èdè Yorùbá láti ọdún pípẹ́ ṣe di ògbufọ̀ láàrin ìyá tí ó bí i àti ọmọ tí òun náà bí.

Láti pa ìtìjú náà rẹ́, a sáré gbé Aláwíyé jáde. Ọmọ náà kà á, kò ṣì í kà. Ìyá wa pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a pa ìwé dé tí ìyá àgbà sì bi í pé kí ni ó wà nínú ohun tí ó kà, Gẹ̀ẹ́sì tún ni. Ìgbà náà ni ó tó yé wa pé ọ̀tọ̀ ni kíka èdè, ọ̀tọ̀ ni gbígbọ́ ọ, ọ̀tọ̀ sì ni fífọ ọ́. Ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ ni ó ń fi ọ̀kan pe èkejì.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ilé kan ṣoṣo. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tuntun kan lórí èdè. Ìlànà náà ní kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Ìgbìmọ̀ Orílẹ̀-èdè lórí Ètò Ẹ̀kọ́ ṣe ìpàdé ní Àkúrẹ́, ní ìtòsí wa níbí. Lẹ́yìn ìpàdé náà ni Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé a ti fagi lé ìlànà náà, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ ọmọ láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Yálà a fara mọ́ ìpinnu yìí tàbí a kò fara mọ́ ọn, ohun kan dájú: ẹrù tí ilé àti ilé-ìwé ìbá jọ rù ti kù sí orí ilé nìkan. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a yẹ àwọn ohun èlò inú ilé wò dáadáa, kí a má kàn máa yìn wọ́n nítorí pé tiwa ni wọ́n.

Ojú Ìwòye tí a Lò

Fishman (1991), nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí a ṣe lè dá èdè tí ó ń lọ padà, tẹnu mọ́ ọn pé ibi tí òbí ti ń gbé èdè lé ọmọ lọ́wọ́ nínú ilé ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Bí ilé-ìwé, ilé-iṣẹ́ ìròyìn àti ìjọba bá ń ṣe tiwọn tí ilé kò sì ṣe, omi inú apẹ̀rẹ̀ ni. Èrò yìí wúlò, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí òbí yóò ṣe nígbà tí ó bá ń sọ Yorùbá tí ọmọ sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn.

Swain (1985) ni ó ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀. Ó ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọ elédè Gẹ̀ẹ́sì ní Kánádà tí a ń fi èdè Faransé kọ́ ní ilé-ìwé. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àwọn ọmọ náà gbọ́ Faransé dáadáa, ṣùgbọ́n àlàfo pọ̀ nínú Faransé tí wọ́n ń sọ. Ohun tí Swain rí ni pé gbígbọ́ nìkan kò tó. Ẹni tí ó ń gbọ́ lè fi ojú, ọwọ́ àti ìrísí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wáyé gbé ìtumọ̀. Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ni ó di dandan fún láti ṣa ọ̀rọ̀, kí ó tò ó, kí ó sì fi ohùn sí i. Bí kò bá sí ohun tí ó ń ti ọmọ láti sọ ọ́, kò ní sọ ọ́.

Lanza (1997) wo àwọn ilé kan ní Norway tí ìyá jẹ́ ará Amẹ́ríkà tí bàbá sì jẹ́ ọmọ Norway. Ó rí oríṣi ìhà márùn-ún tí òbí máa ń kọ sí ọmọ tí ó bá fi èdè kejì dáhùn. Ẹ jẹ́ kí a fi ilé Yorùbá ṣàpẹẹrẹ wọn. Ọmọ fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé òun ń fẹ́ omi. Òbí kìíní ṣe bí ẹni tí kò gbọ́: “Kí ni o wí?” Òbí kejì méfò: “Ṣé omi ni o fẹ́?” Òbí kẹta tún un sọ ní Yorùbá: “Háà, o fẹ́ mu omi.” Òbí kẹrin bu omi fún un, ọ̀rọ̀ sì tán. Òbí karùn-ún fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. Bí a bá ti ń sún láti ọ̀dọ̀ òbí kìíní lọ sí ọ̀dọ̀ òbí karùn-ún ni àyè ń gba ọmọ láti fi èdè ilé sílẹ̀.

A gba ìtò yìí wọlé, ṣùgbọ́n a ní àríwísí méjì sí i bí a bá gbé e wá sí Ìdànrè. Èkíní, ọmọ mọ̀ pé òbí òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Òun kan náà ni ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀ ní ìṣojú rẹ̀. Òbí tí ó bá ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ lójoojúmọ́ yóò di apanilẹ́rìn-ín tàbí ẹni tí ó ń fi ọmọ ṣe ẹlẹ́yà. Ìyá àgbà nìkan ni “Kí ni o wí?” bá lẹ́nu mu, nítorí òótọ́ ni kò gbọ́. Èkejì, ìbéèrè tí a bá fi “ṣé” tàbí “ǹjẹ́” bẹ̀rẹ̀, ọmọ lè mi orí sí i kí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bí òbí bá ní, “Omi tútù ni, tàbí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́?” orí mímì kò wúlò mọ́, ó di dandan kí ọ̀rọ̀ kan jáde. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ ni ó ti jáde.

Àkíyèsí yìí tan ìmọ́lẹ̀ sí irú Yorùbá tí ó pọ̀ jù lọ nínú ilé wa. Gbólóhùn àṣẹ ni: wá, lọ, gbé e, jókòó, dákẹ́. Ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ni ọmọ fi ń dá gbólóhùn àṣẹ lóhùn. Ọmọ tí ó bá jẹ́ pé àṣẹ nìkan ni ó ń gbọ́ ní Yorùbá, tí ìtàn, àwàdà àti ìfẹ́ sì ń bọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, kò ní ṣàì rò pé èdè ìránṣẹ́ ni Yorùbá.

Aláwíyé: Ta ni a Kọ ọ́ fún?

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ àgbà ilẹ̀ wa ni Joseph Folahan Ọdúnjọ (1904–1980). Ọdún 1943 ni Aláwíyé kọ́kọ́ jáde. Kò sí ìwé ìkàwé ọmọdé ní Yorùbá tí ó ní orúkọ tó o láti ìgbà náà. Ìtò rẹ̀ gún régé: lẹ́tà ṣáájú ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ṣáájú gbólóhùn, gbólóhùn ṣáájú ìtàn àti ewì, ó sì ń ga sí i láti ìwé kìíní títí dé ìwé kẹfà. Àwa tí a fi ìwé náà kẹ́kọ̀ọ́ kò lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdúpẹ́.

Síbẹ̀, lámèyítọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọpẹ́ di í lójú. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ìwé náà ni pé: irú ọmọ wo ni ó rò pé ó jókòó níwájú òun? Ìdáhùn rẹ̀ hàn nínú ìtò rẹ̀. Ọmọ náà ti mọ ohun tí à ń pè ní ajá, ìkòkò àti oko. Orúkọ wọn ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí olùkọ́ fi ọ̀pá tọ́ka sí àmì tí ó dúró fún ohùn tí ọmọ ti mọ̀. Bí ọmọ bá sì ti pe àmì náà, ìtumọ̀ yóò tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀, nítorí pé ó ti wà nílé dè é. Ní ọ̀rọ̀ mìíràn, ilé fún ọmọ ní ẹnu, Aláwíyé wá fún un ní ojú.

Ọmọ elédè-méjì òde-òní yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ilé-ìwé ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ ní lẹ́tà kí ó tó pé ọdún márùn-ún. Bí ó bá mọ ohùn ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn díẹ̀, kò sí ojú ewé tí kò lè pè. Ṣùgbọ́n ohùn lásán ni. Kò sí ìtumọ̀ tí ó ń dúró dè é nílé. Ó lójú, kò lẹ́nu. Nígbà tí òbí bá pàtẹ́wọ́ fún irú kíkà bẹ́ẹ̀, òjìji ni ó ń pàtẹ́wọ́ fún. Àbùkù yìí kì í ṣe ti Ọdúnjọ, nítorí kò sí ẹni tí ó lè kọ̀wé fún ọmọ tí a kò tíì bí. Àbùkù àwa tí à ń lo ìwé náà ni, tí a kò béèrè bóyá ọmọ tí ó ní lọ́kàn ṣì wà.

Ǹjẹ́ kí a wá kó Aláwíyé sí àjà? Rárá o. Ìlò rẹ̀ ni kí a yí padà. Dípò kí ọmọ kà á kí a sì yìn ín, ẹ jẹ́ kí òbí ka ìtàn inú rẹ̀ fún ọmọ, kí ó pa ìwé dé, kí ọmọ sì tún un sọ fún ẹlòmíràn tí kò sí níbẹ̀. Bí ìyá àgbà bá wà lókèèrè, fóònù wà. Ẹni tí kò gbọ́ ìtàn náà ni ó yẹ kí a sọ ọ́ fún. Ọmọ mọ̀ pé ó ti yé òbí òun tẹ́lẹ̀, kò sì rí ìdí tí yóò fi yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Àwòrán inú ìwé náà wúlò ju bí a ti rò lọ: ẹ fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ọmọ sọ ohun tí ó rí.

Àlọ́: Ìyàtọ̀ láàrin Àpagbè àti Àpamọ̀

Ohun èlò kejì ni àlọ́. Gbogbo ìpàdé lórí èdè ni a ti ń gbọ́ ọ pé kí òbí máa pa àlọ́ fún ọmọ. Ìmọ̀ràn rere ni, ṣùgbọ́n ó ṣókùnkùn, nítorí àlọ́ pín sí méjì, iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe lẹ́nu ọmọ kò sì dọ́gba.

Nínú àlọ́ àpagbè, apàlọ́ ni ó ni ọ̀rọ̀. Ti ọmọ ni ìdáhùn ìbẹ̀rẹ̀ àti orin tí ó ń gbè. Orin náà wúlò: ó ń gbé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ sí ọmọ lẹ́nu láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni ọmọ ń gbè. Òun kọ́ ni ó ṣa á. Nígbà tí àlọ́ wá wọ inú ìwé, bí àpẹẹrẹ Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá tí Adébóyè Babalọlá ṣe ní ọdún 1973, a rí ìṣúra ńlá pa mọ́, èyí tí ìbá ti bá àwọn àgbà lọ. Ṣùgbọ́n ìwé kì í dúró de ẹnikẹ́ni kí ó gbè. Bákan náà ni àlọ́ orí tẹlifíṣàn àti ti inú fóònù: bí ọmọ dáhùn, bí kò dáhùn, apàlọ́ inú ẹ̀rọ ń bá tirẹ̀ lọ. Òbí tí ó bá gbé fóònù fún ọmọ kí ó lè gbọ́ Yorùbá ń mú kí ó gbọ́. Kò mú kí ó sọ.

Àlọ́ àpamọ̀ yàtọ̀. Kò lè dé òpin láìjẹ́ pé ẹnìkejì lanu. Ó kúrú, kò gba àkókò òbí tí ó ti rẹ̀. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni ìdáhùn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́, irú èyí tí ọmọ tí ó ń bẹ̀rẹ̀ lè pè. Èyí tí ó tún dára jù ni pé ẹni tí ó gbà á ní ẹ̀tọ́ láti pa tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń bọ́ sí ipò apàlọ́, tí ó sì di dandan kí ó to odidi gbólóhùn. Kò yẹ kí a fi àlọ́ àtijọ́ nìkan há ọmọ mọ́. Ìlú kòkó ni Ìdànrè. Ọmọ rí kòkó lójú àgbàlá àti lẹ́bàá títì lákòókò tí a bá ń sá a. A lè bá ọmọ ṣẹ̀dá èyí: “Ilé aláwọ̀ ìyeyè kan rèé, funfun ni gbogbo ará ilé náà, ọjọ́ tí wọ́n bá yá oòrùn ni wọ́n ń pàwọ̀ dà. Kí ni o?” Ọmọ tí ó bá gba kòkó níbẹ̀ yóò béèrè ohun tí ó mú un pàwọ̀ dà, ọ̀rọ̀ yóò sì dórí kíká, fífọ́ àti sísá. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ó wà lẹ́nu ìyá àgbà.

Yorùbá ti Ta ni?

Ibí yìí ni ìṣòro Ìdànrè gan-an wà. Èdè mẹ́ta ni ó pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé wa: ẹ̀ka-èdè Ìdànrè tí ìyá àgbà ń sọ, Yorùbá àjùmọ̀lò tí ó wà nínú ìwé, àti Gẹ̀ẹ́sì. Inú ìsọ̀rí ẹ̀ka-èdè gúúsù-ìlà-oòrùn tí Adétúgbọ̀ (1967) ṣe àlàyé rẹ̀ ni tiwa wà, pẹ̀lú Oǹdó, Ọ̀wọ̀, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ. Ẹ̀ka-èdè ìsọ̀rí yìí ń lo kọ́ńsónáǹtì gh tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní, fáwẹ̀lì u sì lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ nínú rẹ̀, níbi tí àjùmọ̀lò ti ń lo i.

Àwọn òbí kan máa ń sọ pé àwọn kò fẹ́ kí ọmọ àwọn gbọ́ “ará oko” lẹ́nu ìyá àgbà, kí ó má baà ba Yorùbá ilé-ìwé jẹ́. Lójú tiwa, àṣìṣe ńlá ni. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè kò mọ ẹ̀ka-èdè kan tí ó jẹ́ ìbàjẹ́ òmíràn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀. Bí a bá tún dí ẹnu ìyá àgbà, ẹni kan ṣoṣo tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé, ẹni tí ọmọ ní ìdí tòótọ́ láti bá sọ Yorùbá, ni a lé kúrò nínú iṣẹ́ náà. Kí ìyá àgbà sọ tirẹ̀, kí òbí sọ àjùmọ̀lò bí ó bá jẹ́ ìyẹn ni ó mọ̀. Ọmọ tí ó lè ya Yorùbá sọ́tọ̀ kúrò lára Gẹ̀ẹ́sì kò ní ṣàì lè ya ti ìyá àgbà sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìwé.

Ohun tí ó Kan Olùkọ́

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ lè béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ ilé kàn wọ́n sí. Ó kàn wọ́n gidigidi. Èkíní, olùkọ́ tí ó bá ń fi ìyà jẹ ọmọ tàbí tí ó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó sọ Yorùbá, inú ilé ni ìyà náà ti ń so èso. Ọmọ tí a kọ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni èdè kan kò ní dá ẹ̀ṣẹ̀ náà níwájú ìyá rẹ̀. Èkejì, olùkọ́ ni ó máa ń sọ fún òbí pé kí ó máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé kí ọmọ lè yege. Ẹ̀rí kò fìdí ìmọ̀ràn yìí múlẹ̀. Nínú ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì nítorí èyí. Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ àṣetiléwá lè ṣe ohun tí òfin kò ṣe: kí olùkọ́ Yorùbá ní kí ọmọ lọ gba àlọ́ àpamọ̀ kan lẹ́nu àgbà ilé rẹ̀, kí ó wá fi ẹnu pa á ní kíláàsì. Kò gbọdọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá kọ ọ́, kíkà ni yóò kà á.

A kò gbàgbé pé àwọn kan yóò ní Gẹ̀ẹ́sì ni oúnjẹ ọmọ. A kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ní kí ọmọ má jẹun. Ohun tí à ń wí ni pé kí ó lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó se oúnjẹ náà.

Ìgúnlẹ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti fi hàn pé ohun èlò rere lè má ṣe iṣẹ́ tí a rán an bí ọmọ tí a ń lò ó fún bá ti yí padà. Aláwíyé fún ọmọ ní ojú. Kò lè fún un ní ẹnu. Àlọ́ inú ìwé àti ti inú ẹ̀rọ fún un ní etí. Àlọ́ àpamọ̀, ìbéèrè tí ó ń fẹ́ ọ̀rọ̀, àti àgbà tí kò gbọ́ èdè mìíràn ni ó ń béèrè ẹnu lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti ọmọ tí ó bí iṣẹ́ yìí, ọ̀nà ṣì jìn. Àmúlùmálà pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń ṣì nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí ni ó pa àlọ́ kan tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá fún ìyá wa àgbà lórí fóònù. Ìyá wa kò mọ̀ ọ́n. Ó béèrè ìdáhùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ náà sì kọ̀, ó ní kí wọ́n rò ó sí i. A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wá ní iṣẹ́ ògbufọ̀.